Òkú Ìjàpá àti Ẹrù Tí Wọ́n Bá A Gbé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, mi ò gbóhùn yín. Ẹ sún mọ́bí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dára. Kí ló rí rìbìtì bí abọ́ tí a dojú rẹ̀ dé, tó ní orí, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lọ́nà báyìí, a kó gbogbo rẹ̀ wọlé bí ẹni pé kò sẹ́ni nílé?

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu yín yá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bà á lẹ́rù? Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó rá pálá, ó fo ẹja dá, ó fo akàn dá, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Ó lọ bà lé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ẹni tó gbà kí wọ́n bá òun gbé ẹrù, tí kò gbà láti san án padà.

Ní ayé ìgbà kan, kò sí ẹranko kankan létí odò Yewéré tí ẹ̀rù Ìyá Ọ̀nì kì í bà. Kì í ṣe pé ó ń jà. Kì í ṣe pé ó ń pariwo. Bó bá fẹ́ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, a rọra jáde nínú omi, a gbé àgbọ̀n lé iyanrìn, a la ẹnu sílẹ̀, a sì dákẹ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ tán ni yóò tó wí tẹnu rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù.

Ọdọọdún ni Ìyá Ọ̀nì ń yé ẹyin sínú iyanrìn. Ọdọọdún ni Awọ́nrínwọ́n sì ń yọ́ wá wú wọn jẹ. Omi ni ilé ọ̀nì. Kò lè jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó máa ṣọ́ ẹyin. Ó ń wá olùṣọ́. Wọ́n ní, "Ìjàpá ni kí ẹ pè. Bó bá jókòó síbì kan, ó jókòó nìyẹn. Oòrùn ò sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ jó."

Òkè Àpáta ni Ìjàpá ń gbé nígbà náà, ibẹ̀ sì jìnnà. Igbó kìjikìji ló wà láàárín òun àti odò. Nígbà tí iṣẹ́ tí Ìyá Ọ̀nì rán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Iṣẹ́ náà wù mí. Ṣùgbọ́n mo ti nílé, mo ti láya, mo ti ní dúkìá. Ta ni yóò kó mi?"

Ìyá Ọ̀nì dáhùn pé, "Èmi ni n ó kó ọ."

Ẹ mọ àáró, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Bí mo bá bá ọ roko lónìí, o jẹ mí ní oko kan. Ọjọ́ tí mo bá pè ọ́, o kò gbọdọ̀ ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Nígbà tí odò bá kún, Ìyá Ọ̀nì a máa gbé àwọn ẹranko sẹ́yìn kọjá sí òdì kejì. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn rí. Àáró ló fi ṣe. Ó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀, pé lọ́jọ́ tí agbára òun bá ń lọ, òun ó ní ẹni tí òun ó pè. Gbogbo àáró yìí ló kó jọ, tó fi kó Ìjàpá.

Ẹfọ̀n wá. Ìgalà wá. Ọ̀bọ wá pẹ̀lú gbogbo ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Òkè Àpáta, Yánníbo ti di ẹrù sínú apẹ̀rẹ̀ méjì, ó jókòó tì wọ́n.

Ìjàpá wo apẹ̀rẹ̀ náà. "Kí nìyí?"

"Ẹrù wa ni, olówó orí mi."

"Ẹrù wa dà níbẹ̀? Ṣé ìwọ lo máa rù ú?" Ó wọlé, ó kó ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ó gbé ọlọ. Ó gbé odó tó ti là. Ó kó igi ìdáná ọdún tó kọjá. Ó tún wú òkúta tí wọ́n fi ń tẹ ẹsẹ̀ wọlé.

Yánníbo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí òkúta létí odò ni?"

"Òkúta tí kì í ṣe èmi ni mo gbé e," ni Ìjàpá wí, "kì í wúwo."

Ẹfọ̀n ló ru ọlọ àti odó. Ó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìjàpá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un pé kó rọra, kí odó má baà là sí i.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, tí wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ilé fún un, Ìyá Ọ̀nì jáde. Ó gbé àgbọ̀n lé iyanrìn, ó la ẹnu.

"Ìjàpá," ló wí, "òjò méjì. Bí o bá ṣọ́ ẹyin mi títí òjò ọdún yìí yóò fi dá, tí tàmọ́dún náà yóò fi dá, ẹrù tí a bá ọ gbé ti di oore. A kì í bèèrè oore padà. Bí o bá lọ ṣáájú ìgbà náà, gbèsè ni. Gbogbo ẹni tó bá ọ ru nǹkan lo máa bá ru nǹkan, ẹrù fún ẹrù, bó ṣe wúwo tó gẹ́lẹ́, kí wọ́n lè tún máa jẹ mí ní àáró mi."

"Òjò méjì!" Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, òjò mẹ́wàá ni mo bá wá."

Òjò kìn-ín-ní kò tíì pọ̀ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló pọ̀. Ìjókòó ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, omi a mì, Ìyá Ọ̀nì a sì gbé àgbọ̀n lé iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá gan-an.

"Ẹyin mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Ìyá mi."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn ni."

Yóò wá la ẹnu sílẹ̀, kò ní wí nǹkan kan mọ́. Ìjàpá a máa wo eyín inú ẹnu náà, èyí tó gùn, èyí tó kán, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í gbà. Bó bá padà délé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Òkété yọ nínú ihò. Òkété yìí ní oko ẹ̀pà ní Ọ̀dàn, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá, ẹ kú ìyà."

"Ta ló sọ fún ọ pé ìyà ń jẹ mí?"

"Ọrùn yín ló sọ fún mi. Ó ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ẹ wá bá mi ṣọ́ ẹ̀pà. Apẹ̀rẹ̀ kan fún mi, apẹ̀rẹ̀ kan fún yín."

Ìjàpá gbé itọ́ mì. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń la ẹnu sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹnu tiyín nìkan ni yóò máa là níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kíá ni mo ń fẹ́ ẹ o. Ẹ̀pà ti ń gbó."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀pà ti ń hó nínú orí Ìjàpá. Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí Ẹfọ̀n pẹ̀lú ọlọ àti odó lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ronú títí, ó wá rí ọgbọ́n kan tó rò pé òun nìkan ló lè rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró de Ìyá Ọ̀nì.

"Ìyá mi, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ikú kì í dájọ́. Bí ikú bá mú òṣìṣẹ́ lọ kí òjò méjì tó pé ńkọ́? Nítorí Yánníbo ni mo ṣe ń bèèrè o."

Ìyá Ọ̀nì dáhùn. "Ikú kì í san gbèsè, Ìjàpá. Létí odò yìí, òkú onígbèsè kì í dédé wọlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i lára, òun ló jogún gbèsè rẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Àṣà tó gún ni."

"Ṣé kò sí o? Ara rẹ le?"

"Ara mi le koko bí àpáta, Ìyá mi."

Ìyá Ọ̀nì wò ó. Ó wò ó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kó tó padà sínú omi.

Ẹni tí Ìjàpá ní lọ́kàn ni Ìgbín, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àánú pọ̀ nínú Ìgbín. Bí ewé bá já bọ́, a máa kí igi kú ìrọ́jú. Ìjàpá lọ bá a lábẹ́ ewé kókò.

"Ìgbín, ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá kú, kí lo máa ṣe?"

Omi lé sójú Ìgbín. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Bí o bá kú, ọwọ́ ara mi ni n ó fi sin ọ́."

"O ò lọ́wọ́."

"Ẹnu mi ni n ó fi sin ọ́, nígbà náà!"

Ìjàpá gbá a lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ti pé. Ìgbín yóò da erùpẹ̀ sí i, Ìgbín yóò jogún ọlọ àti odó. Bí wọ́n bá ti túká, òun yóò wú ara rẹ̀ jáde, òun yóò gba Ọ̀dàn lọ, òun yóò sì ránṣẹ́ sí Yánníbo pé kó máa bọ̀. Kò sọ fún Yánníbo. Ó ní ẹkún ẹni tó mọ̀ kì í lómi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn. Ó dojú àyà sókè. Ó kó orí wọlé, ó kó ẹsẹ̀ wọlé, ó sì di èémí rẹ̀.

Yánníbo gbé ẹ̀kọ wá. Ìjàpá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ìgbà tó dúró.

"Olówó orí mi, ẹ dìde. Ẹ̀kọ ń tutù."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọwọ́ kàn án. Ìjàpá ń retí pé kó ké. Ó ti ṣírò ariwo náà mọ́ ète rẹ̀: aya yóò ké, àwọn ará àdúgbò yóò sáré wá, Ìgbín yóò máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Yánníbo kò ké. Ó jókòó. Ó mú etí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu iyanrìn kúrò lára igbá àyà ọkọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu abọ́ tó fẹ́ gbé oúnjẹ sí.

"Ẹ ò sọ fún mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo bá yín jà lánàá nítorí omi. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá lọ pọn ọ́n. Kí ni pípọn omi?"

Ó tún ní, "Ẹ̀kọ yìí, ta ni kí n wá gbé e fún?"

Nínú òkùnkùn igbá rẹ̀, ohun tútù kan wọ inú Ìjàpá lọ. Kò mọ ohun tó ń jẹ́. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, kí ló dé tí obìnrin yìí kò kàn ké? Ìgbà tó ṣe ni Yánníbo tó ké, igbe náà sì rí bí ẹni pé ilẹ̀ ló ya. Ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn.

Wọ́n sáré dé. Ẹfọ̀n dé, ilẹ̀ ń mì. Ìgalà dé, Ọ̀bọ dé. Ìgbín ń wọ́ bọ̀, ó ń sunkún lọ́nà.

"Ọ̀rẹ́ mi o! Ọ̀rẹ́ tí mo ní! Ẹ yàgò, èmi ni n ó sin ín!"

"O ṣe é," ni Ẹfọ̀n wí. "O mọ̀ pé ìwọ lo máa bá mi ru ọlọ?"

Ìgbín dúró. "Ọlọ wo?"

"Ọlọ tí mo bá a ru. Àti odó."

"Mo bá a ru igi ìdáná," ni Ìgalà wí.

"Ìdílé mi ló ru ààrò," ni Ọ̀bọ wí. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ wa ní ìrù. Òkúta ẹnu ọ̀nà tún wà níbẹ̀."

Ìgbín wo Ẹfọ̀n láti pátákò dé ìwo. Ó fa ìwo tirẹ̀ wọlé. "Mo kàn ní kí n wá kí ilé ni," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìjàpá ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé, Ìgbín, jáde. Jáde, ìwọ aláàánú. Ibi tó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ló ti gbọ́ tí omi mì. Àwọn ẹranko sún sẹ́yìn. Ohun wúwo kan gun orí iyanrìn, ó ń wọ́, wọ́, wọ́, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ gan-an. Ó mọ èémí náà.

"Ta ni yóò sin ín?" ni Ìyá Ọ̀nì bèèrè.

Wọ́n ń wo ara wọn lójú.

"Mo tún bèèrè. Ta ló ni òkú yìí?"

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀. Ọ̀bọ ń họ orí.

"Bí òkú kò bá ní olúwa," ni Ìyá Ọ̀nì wí, láìpariwo, "kì í ṣe òkú mọ́. Ẹran ni. Etí iyanrìn mi ló sì wà."

Ìjàpá gbọ́ bí ẹnu náà ṣe là. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn àtijọ́ rí? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dún. Ooru inú ẹnu náà bà lé e láyà. Òógùn bò ó. Ó fẹ́ kígbe pé òun kò kú, ṣùgbọ́n ta ni yóò kígbe sínú ẹnu ọ̀nì?

"Èmi ni." Ohùn Yánníbo ni. "Èmi ni mo ni ín. Èmi ni n ó sin ọkọ mi."

"O mọ ohun tí ò ń wí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìyókù òjò méjì di tìrẹ. Ìwọ ni yóò máa jókòó níhìn-ín, tí n ó máa bi léèrè ẹyin mi ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá sì yẹ̀, ọlọ di tìrẹ, odó di tìrẹ."

Gbogbo wọn ló mọ bí ẹ̀rù Ìyá Ọ̀nì ṣe ń ba Yánníbo tó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi odò náà. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń pọn omi kànga. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́, ó sì dà á sí ọkọ rẹ̀ láyà.

Ìjàpá gbọ́ erùpẹ̀ náà. Bó bá fọhùn lákòókò yẹn, Yánníbo bọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu náà ṣì là sílẹ̀ lókè rẹ̀. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sin mí ná. N ó jáde. N ó wá mú un lẹ́yìn ọ̀la.

Ó dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ó dákẹ́ o.

Bí gbèsè ṣe ti wá ní olúwa, ọwọ́ gbogbo wọn yá. Àwọn tí kò lè fi ìka kan erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn náà ló ń dù ú. Ọ̀bọ gbẹ́ ilẹ̀. Ìgalà gbé e sí i. Ìgbín jáde wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ẹfọ̀n ní, "Òkú yìí, ìkookò kò gbọdọ̀ rí i wú," ó sì gun orí ibojì, ó fi pátákò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ náà fi le bí ilẹ̀ àgbàlá.

Nígbà náà ni Ìjàpá tó mọ ibi tó wà. Ó fẹ́ na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò nà. Ó fẹ́ yọ orí, erùpẹ̀ dí i lẹ́nu. Ó ti wú ilẹ̀ púpọ̀ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè ju apá. Kò sí àyè. Kò sí ìmọ́lẹ̀. Èémí tó kù nínú igbá rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ń gbóná.

Láti òkè lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ohùn, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

"Ó yá, Yánníbo. Ẹyin ń dúró dè ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀, Ìyá mi."

"Bí òjò méjì bá pé, o máa padà sí Òkè Àpáta?"

"Rárá o. Ta ni mo ní níbẹ̀? Ibi tó sùn sí ni n ó máa gbé. Òkúta ìdáná wa wà níhìn-ín. Òun ló ní kí a gbé e wá. Ó ṣe bí ẹni mọ̀."

Ìjàpá gbọ́ èyí, ẹ̀rù bà á. Kò tíì bẹ̀rù Ìyá Ọ̀nì tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rí Yánníbo níwájú rẹ̀ bí ẹni rí nǹkan lójú àlá, níbi tó jókòó sí lórí iyanrìn, irun rẹ̀ ti funfun, ó ń nu erùpẹ̀ orí ibojì tí ẹni inú rẹ̀ sá lọ. Ṣùgbọ́n òun gan-an kò ní rí ibì kankan sá lọ. Ó kó gbogbo èémí tó kù jọ, ó fi kọrin:

Yánníbo, aya mi o,
— Jálúkẹ́ ẹ́, jálú!
Má bá Ọ̀nì lọ o,
— Jálúkẹ́ ẹ́, jálú!
Ẹni tí o sin kò tíì kú,
— Jálúkẹ́ ẹ́, jálú!
Ilẹ̀ wúwo, èémí ń tán,
— Jálúkẹ́ ẹ́, jálú!

Ẹ wo eré! Ẹfọ̀n, tó ń fọ́nnu pé ẹkùn kò tó òun í bẹ̀rù, òun ló kọ́kọ́ fò. Ó gba àárín igbó lọ, igi ń ya lẹ́yìn rẹ̀. Ìgalà ti di òórùn. Ọ̀bọ wà lórí igi, ó fi ọwọ́ bo ìdí dípò ojú. Ìgbín náà ń sá, ojú kan náà ló wà, ó ń pariwo pé, "Ẹ má fi mí sílẹ̀!"

Yánníbo nìkan ni kò sá. Ó dojúbolẹ̀, ó fi èékánná ya ilẹ̀ tí Ẹfọ̀n tẹ̀. Èékánná rẹ̀ kán, kò dáwọ́ dúró. Ìyá Ọ̀nì ń wò ó. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan igbá, ó fà á jáde, ó gbé e kalẹ̀ lójú oòrùn. Ìjàpá yọ orí, ó ń mí bí ẹni ń mu omi.

Yánníbo kò dì mọ́ ọn. Ó wò ó lójú.

"Gbogbo ohun tí mo sọ láàárọ̀," ló wí, "ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Yánníbo dìde, ó rìn lọ sínú odò tí kì í fi ẹsẹ̀ kàn, ó fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ìyá Ọ̀nì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ Ìjàpá. "Àṣà ni àṣà. A ti sin òkú kan lónìí, ẹni tó sin ín ti jogún gbèsè. Bí o bá jẹ́ òkú náà, gbèsè di ti obìnrin yìí, ìwọ sì di ẹran. Bí o bá jẹ́ Ìjàpá, gbèsè di tìrẹ. Ta ni ọ́?"

Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Ìjàpá. Bí ọ̀nà kẹta bá wà, ì bá ti rí i. Ó wo ẹnu tó là sílẹ̀ níwájú. Ó wo ẹ̀yìn Yánníbo nínú omi. Èyí tó tì í sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì, èmi tí mò ń pa àlọ́ yìí kò lè sọ.

"Èmi ni Ìjàpá," ló wí. "Gbèsè mi ni."

"Mo ti mọ̀ láti àárọ̀ pé o kò kú. Òkú kì í làágùn."

"Ìyá mi! Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sin mí?"

"Olùṣọ́ tí kò ní sá ni mo ń wá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nínú ilé rẹ. Ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìwọ." Ó padà sínú omi, kò sì tún bi Ìjàpá léèrè ẹyin mọ́ láé. Yánníbo ló ń bi.

Ẹ̀pà Òkété gbó, wọ́n wú u, ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Ìdájí kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó kàn yóò wá pè é. Yóò gbọ́ ẹsẹ̀ Ẹfọ̀n lókèèrè, gbì, gbì, gbì, bó ṣe gbọ́ ọ láti inú ilẹ̀. Yóò kó orí wọlé, yóò kó ẹsẹ̀ wọlé, yóò di èémí.

"Ìjàpá! Àáró mi dà?"

Ẹfọ̀n a fi pátákò kan igbá rẹ̀ kó, kó, kó. "Òkú onígbèsè, dìde. A ti sin ọ́ rí."

Ó rù ú títí. Ọlọ kan kì í jẹ́ ẹrù ọjọ́ kan fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Kó tó san ti Ẹfọ̀n tán, Ẹfọ̀n kú. Ọmọ Ẹfọ̀n jogún àáró náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tún jogún rẹ̀. Ti Ìgalà náà rí bẹ́ẹ̀, ti ìdílé Ọ̀bọ sì pọ̀ ju kí ẹnikẹ́ni mọ ojú wọn lọ. Ó wá di pé Ìjàpá kò mọ ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ ní gbèsè yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Gbogbo ẹsẹ̀ ló wá ń bà á lẹ́rù.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá pàdé ìjàpá lọ́nà oko, bó ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín, a kó orí wọlé, a sì dà bí òkú. Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó rò pé àáró lẹ bá wá ni. Ẹ má fi igi gún un. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, yóò yọ orí, yóò sì kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná, bóyá Yánníbo ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí àlọ́ náà já mi sí nìyí, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Bí mo bá fi irọ́ bù mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bó bá sì jẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe pa á, kí ẹnu mi ró kò, kò, kò.